Èédú àti Iyọ̀ Lẹ́yìn Kọ̀nténà

Ewúrẹ́ náà kò ké. Ohun tó kọ́kọ́ ba Fúnmilọ́lá lẹ́rù nìyẹn. Ewúrẹ́ tó máa ń ké nítorí ebi, tó máa ń ké nítorí òjò, tó tún máa ń ké nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ṣe é ní nǹkan kan, ó sá wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀nténà nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó fi ìhà ti irin, ó sì wó lulẹ̀ gbì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ. Òjò ń rọ̀ sí i lójú, kò sì ṣẹ́jú.

Òjò àkọ́rọ̀ ni. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn pẹ́ jù, àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ti wojú ọ̀run títí ọrùn ń dùn wọ́n, àfi bí òjò ṣe dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà tòun ti ààrá. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìwòsàn tuntun lẹ́yìn ìlú, gbogbo òṣìṣẹ́ sá wọ ilé tí wọn ò tíì parí. Fúnmilọ́lá wà nínú sítọ̀, ilé pákó kékeré tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì àti ìṣó sí, torí òun ló ń tọ́jú ẹrù ibẹ̀. Bàbá Ògoolúwa tó ń ṣọ́ ọgbà sá wá bá a. Akínpẹ̀lú oníṣẹ́ iná, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àgbàdo dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, sá wá bá àwọn méjèèjì.

Kọ̀nténà wà níwájú wọn gan-an. Ẹ mọ àpótí irin ràgàjì tí wọ́n fi ń kó ẹrù gba orí òkun? Òun ni wọ́n gbé wá, wọ́n gé fèrèsé sí i lára, wọ́n tẹ́ pákó sí i nínú, wọ́n fa iná sí i láti ara jẹnẹrétọ̀, ó di ọ́fíìsì. Moyọ̀sọ́rẹ, akọ̀wé wọn, wà nínú rẹ̀ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Moyọ̀sọ́rẹ yìí sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Fúnmilọ́lá bí sáyé.

"Ààrá ló pa á," ni Akínpẹ̀lú wí. "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe sán lẹ́ẹ̀kan?"

Bàbá Ògoolúwa mi orí. Ó ń wo ọ̀kánkán níbi tí Olósùnta, òkúta ńlá tí wọ́n ń bọ nílùú náà, ti dúdú láàárín òjò. "Èmi ò mọ̀ o. Ulẹ̀ yìí kì í ṣulẹ̀ eré. Ẹni bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ."

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè. Fúnmilọ́lá ò lè gbójú kúrò lára ewúrẹ́ náà. Torí pé, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, obìnrin náà ní ohun kan nínú tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ọgbà yẹn.

Lásìkò ọyẹ́ ni. Ó tètè dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gba ẹ̀yìn kọ̀nténà kọjá, ó sì rí Bàbá Ògoolúwa tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí kòtò kan. Bàbá ń da omi sínú kòtò náà láti inú kẹ́tù. Ó bu iyọ̀, ó wọ́n ọn sí i. Èédú dúdú kún inú kòtò náà, wáyà kan sì ti inú rẹ̀ jáde, ó lọ so mọ́ ìdí kọ̀nténà. Ẹnu Bàbá sì ń jẹ wúyẹ́wúyẹ́. Omi, iyọ̀, èédú, ilẹ̀ gbígbẹ́, arúgbó tó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kùtù. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Kí lẹ máa pè é?

Fúnmilọ́lá pè é ní ẹbọ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Moyọ̀ ń sọ pé orí ń fọ́ òun bí òun bá ti wọ ọ́fíìsì. Ooru irin ló ń fọ́ ọ lórí, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Lójú Fúnmilọ́lá, wọ́n ti so ọmọ òun mọ́lẹ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ Bàbá. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀dá kankan. Àìmọ̀kan ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ó dúró títí àwọn òṣìṣẹ́ fi lọ jẹun, ó mú ọkọ́, ó gbẹ́ kòtò náà hú. Ọ̀pá pupa gígùn kan wà nísàlẹ̀ èédú, wọ́n tẹ́ ẹ gbalaja bí òkú. Ara rẹ̀ bù máṣọ, ó ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", ó fi àdá gé wáyà, ó wọ́ ọ̀pá náà lọ sọ sínú igbó létí odò. Ó da òróró sójú ilẹ̀, ó ka Sáàmù, ó fi yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jẹ́rìí níwájú ìjọ. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe pariwo halelúyà! Ọmọ́wùmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ aládùúrà, fò sókè, ó di mọ́ ọn, àwọn méjèèjì jó yí pẹpẹ ká. Láti ọjọ́ yẹn, ṣe ni Fúnmilọ́lá ń fi ẹ̀rín wo ẹ̀yìn kọ̀nténà bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Ẹ̀rín náà ò sí mọ́ báyìí. Ẹni tó hú ohun abàmì nínú ilẹ̀, tí ilẹ̀ wá ń pa ewúrẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ọmọ rẹ̀, kí ló kù tó máa pa? Ohun tó ń rò nìyẹn. Ó fẹ́ kí Akínpẹ̀lú sọ ohun mìíràn fún òun, ohunkóhun.

"Akínpẹ̀lú," ó ní, "ṣé kì í ṣe iná ló gbé ewúrẹ́ yẹn?"

"Iná kẹ̀!" Akínpẹ̀lú rẹ́rìn-ín. "Ìyá Moyọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti ri wáyà ilẹ̀ fún kọ̀nténà yẹn kí n tó lọ sí Àgbàdo. Ilé irin ni, kò ṣeé fi sílẹ̀ lásán. Ẹ máa so wáyà mọ́ irin, ẹ máa so orí kejì mọ́ ọ̀pá bàbà nínú ilẹ̀. Tí iná bá ṣìnà bọ́ sára irin, ilẹ̀ ló máa gbé e mì, kò ní rí èèyàn mú."

"Ọ̀pá bàbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Àmọ́ ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú òkúta yín! Mo kan ọ̀pá yẹn títí ọwọ́ fi bó, kò wọlẹ̀. Ni mo bá gbẹ́ kòtò gbalaja, mo tẹ́ ẹ síbẹ̀, mo da èédú àti iyọ̀ bò ó kí ilẹ̀ ibẹ̀ má bàa gbẹ. Bàbá yìí ni mo ní kó máa bomi rin ín fún mi."

Fúnmilọ́lá yíjú wo Bàbá Ògoolúwa, Bàbá sì sorí kọ́, kò jẹ́ kí ojú àwọn pàdé. Ẹ̀rù ń ba òun náà, ó kàn jẹ́ pé Fúnmilọ́lá ò tíì mọ ìdí ẹ̀ ni.

"Tí ẹnì kan bá hú u ńkọ́?" ni ó bi Akínpẹ̀lú.

"Ta ló máa hú u? Wèrè ni?" Akínpẹ̀lú tún rẹ́rìn-ín, ó ń ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè kó lè jáde sínú òjò. "Tí wọ́n bá hú u, tí wáyà kan sì bó nínú, gbogbo ara kọ̀nténà ló máa di iná. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ ẹ lè má mọ̀, torí ilẹ̀ gbẹ, gbogbo yín sì ń wọ bàtà. Ẹni tó wà nínú ẹ̀ gan-an ò ní mọ̀, orí pákó ló wà. Ẹni tó bá dúró sórí ilẹ̀ tútù tó wá fọwọ́ kan irin, ìyẹn ló máa kú. Ẹ jẹ́ n lọ gbé ewúrẹ́ yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

Ó bọ́ sínú òjò.

Ẹ gbọ́, mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní kí ló dé tí kò pariwo lójú ẹsẹ̀. Ìtìjú ni. Òun tí gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún! Òun tí wọ́n ń pè ní ìyá adúrà! Akínpẹ̀lú ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ti na ọwọ́ kan sílẹ̀ de ewúrẹ́, ó ń fi èkejì wá ibi tó máa dì mú lára kọ̀nténà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn kọ̀nténà ṣí, Moyọ̀ sì yọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti hú u!"

Igbe tó ké náà ya òun pàápàá lẹ́nu. "Akínpẹ̀lú, má fọwọ́ kàn án! Mo ti hú u! Èmi ni! Mo hú u, mo sọ ọ́ nù!"

Akínpẹ̀lú fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí ejò fẹ́ ṣán. Ó wo Fúnmilọ́lá, ó wo ewúrẹ́ tó wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo lè sọ fún yín pé kò sí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló rí Moyọ̀.

"Ẹ má jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀," ó ní, ó ń fẹ̀yìn rìn. "Ìyá Moyọ̀, ẹ gbọ́ mi? Níbi tó wà yẹn, kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá fi lè kan ilẹ̀, tí ọwọ́ ẹ̀ sì wà lára ilẹ̀kùn yẹn, ó parí. Mò ń lọ pa jẹnẹrétọ̀."

Ó sáré. Ẹ̀yìn kọ̀nténà lọ́hùn-ún ni àtíbàbà jẹnẹrétọ̀ wà, ó sì ní láti rìn jìnnà sí irin, gba inú àpáta yípo. Ó fi ìyá sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Moyọ̀ kò wọ bàtà. Bàtà rẹ̀ méjèèjì wà lórí ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, omi ti gbé wọn léfòó. Fúnmilọ́lá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ láti kékeré pé èèyàn gidi kì í wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ ilé tí wọ́n ti gbá. Ọmọ náà fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá irin ilẹ̀kùn mú, ó ń na ọmọ ìka ẹsẹ̀ sílẹ̀ kó fi wọ́ bàtà kan mọ́ra.

"Moyọ̀! Padà! Padà sínú!"

Òjò ń lu páànù, òjò ń lu irin, jẹnẹrétọ̀ ń dún. Ohùn rẹ̀ kò dé ibì kankan. Fúnmilọ́lá sáré bọ́ sínú òjò, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Ìyẹn ló wá burú jù. Moyọ̀ gbójú sókè, ó rí ìyá rẹ̀ nínú òjò tó ń juwọ́ sí i, ó rò pé ó ń pe òun ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ nǹkan kan tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́, bóyá "Mò ń bọ̀, mà." Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, bí ìyá bá pè é, kì í dúró. Ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Fúnmilọ́lá ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá fọwọ́ kàn án, àwọn méjèèjì ló ń lọ. Kò sí ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè dá ọmọ náà dúró. Kò mọ ẹni tó fi ohun tó ṣe lẹ́yìn náà sí i lọ́kàn. Ó kúnlẹ̀.

Ìyá kì í kúnlẹ̀ fọ́mọ. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ǹmù nínú ẹrẹ̀ níwájú ọmọ tó bí, gèlè rẹ̀ já bọ́, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sókè, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Moyọ̀ rí i. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Mọ́mì!" Ẹsẹ̀ tó ti sún mọ́ omi, ó fà á sókè. Ọwọ́ tó fi di ilẹ̀kùn mú, ó gbé e lé orí pẹ̀lú èkejì. Torí ìyá rẹ̀ sì wà lórí ìkúnlẹ̀, tí òun ò sì lè dúró kó máa wò ó látòkè, òun náà kúnlẹ̀ síbi tó wà, lórí pákó, nínú kọ̀nténà, ẹkún sì gbà á lẹ́nu.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń wo ara wọn. Ewúrẹ́ wà láàárín wọn. Fúnmilọ́lá ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ dìde, pé bí òun bá dìde, ọmọ náà á dìde, á sì bọ́ sílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ wà lórí òkúta mímú kan, kò kúrò lórí ẹ̀. Ó ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Kí ló ń dá Akínpẹ̀lú dúró? Ṣé ó ti ṣubú ni? Ṣé iná ti gbé òun náà? Olúwa, má jẹ́ kó jẹ́ Akínpẹ̀lú ni wọ́n máa fi san ẹ̀ṣẹ̀ mi. Má jẹ́ kó jẹ́ ọmọ yìí.

Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Iná inú kọ̀nténà kú.

"Mo ti pa á!" Ohùn Akínpẹ̀lú ló wá láti ẹ̀yìn.

Kò sẹ́ni tó dìde nínú àwọn méjèèjì. Akínpẹ̀lú ló wá gbé Moyọ̀ sọ̀kalẹ̀.

Ibi tí wáyà iná jẹnẹrétọ̀ ti wọ kọ̀nténà ni nǹkan ti bàjẹ́. Ihò tí wọ́n lu sára irin mú bí abẹ, ó ti ń jẹ rọ́bà wáyà náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bó o. Akínpẹ̀lú bínú, ó sì yẹ kó bínú, ṣùgbọ́n òun náà jẹ̀bi, torí Bàbá nìkan ló sọ fún nínú gbogbo ọgbà. Bàbá Ògoolúwa wá tú àṣírí tirẹ̀ pẹ̀lú omijé: ó ti rí i pé ọ̀pá kò sí níbẹ̀ mọ́, ó rò pé olè jí bàbà lójú òun, ẹ̀rù bà á pé wọ́n máa lé òun lẹ́nu iṣẹ́, ló bá dákẹ́.

"Kí ni Bàbá wá ń sọ sínú kòtò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?" ni Fúnmilọ́lá bi í.

"Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń kọ o, ọmọ mi. Otútù mú mi ni."

Wọ́n ri ọ̀pá mìíràn, wọ́n tún wáyà ṣe, wọ́n da èédú àti iyọ̀ sí i. Akínpẹ̀lú pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó fi hàn wọ́n. Fúnmilọ́lá bẹ gbogbo ọgbà, ó sì ní òun lòun á máa bomi rin ilẹ̀ náà. Ó bẹ gbogbo èèyàn tán, àfi ìjọ. Ọjọ́ Ìsinmi dé, ó fẹ́ dìde jẹ́wọ́, Ọmọ́wùmí sì fà á mọ́ra, ó ní, "Ìyá wa nínú adúrà!" Ó jókòó padà. Ọjọ́ Ìsinmi mìíràn tún dé, ó tún jókòó. Ta ni ọ̀rọ̀ ọgbà kan fẹ́ pa lára nílé Ọlọ́run, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹyin tirẹ̀ ti fọ́, kò kàn tíì gbọ́ ìró rẹ̀ ni.

Òjò tún rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kan. Fúnmilọ́lá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ibi iṣẹ́. Ó pàdé Ọmọ́wùmí lẹ́nu géètì tó ń jáde bọ̀, òógùn bò ó lójú, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jèrè.

"Ìyá Moyọ̀, ẹ bá mi dúpẹ́! Ọgẹ̀dẹ̀ ni mo gbé láti oko wá fún yín, mo gba ẹ̀yìn kọ̀nténà, ẹ sì wo ohun tójú mi rí. Wọ́n tún ti gbé e padà! Èédú, iyọ̀, gbogbo ẹ̀! Àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kìíní, bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe é. Mo hú u, mo gé wáyà ẹ̀, mo da òróró sí i."

Jẹnẹrétọ̀ ń dún. Fúnmilọ́lá gbójú kọjá èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀. Moyọ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà sítọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ tútù rinrin, ó ń lọ síbi ilẹ̀kùn irin.

Fúnmilọ́lá kò dúró kó ké lọ́tẹ̀ yìí. Ó sáré. Èèyàn tó ti dàgbà, ó sáré títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì gbá aṣọ ọmọ náà mú lẹ́yìn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbi ìdè ilẹ̀kùn. Ó wọ́ ọ sẹ́yìn, ó di í mọ́ àyà. Bóyá iná wà lára irin náà, bóyá kò sí, torí wọ́n ti tún wáyà ṣe. Fúnmilọ́lá kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa fi ọmọ rẹ̀ dán an wò.

"Mọ́mì, kí ló dé? Ẹ ń dùn mí lápá."

Kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọmọ́wùmí ti tẹ̀lé e dé ibẹ̀, ẹ̀rín ti ń kúrò lójú rẹ̀, ọkọ́ ti sọ̀kalẹ̀ láti èjìká. Yẹ̀pẹ̀ tútù àti èédú ṣì wà lẹ́nu ọkọ́ náà.

"Ìyá Moyọ̀," ó ní, "kí ni mo ṣe? Ṣebí ẹ̀yin lẹ jẹ́rìí ẹ̀?"

"Èmi ni," ni Fúnmilọ́lá wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n tó pe ẹlẹ́rìí, ó ti dúró níwájú ìjọ. Wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ kó tó la ẹnu. Ó nawọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "ẹ̀rí tí mo jẹ́ fún yín lásìkò ọyẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fẹ́ pa ọmọ mi."